Dókítà John Randle: Ẹni Tó Fi Adágún Ìlúwẹ̀ẹ́ Ta Èkó Lọ́rẹ

Kò sí ìlú Yorùbá kan, bó ti wù kó kéré mọ, tí kò ní ojúde. Iwájú ààfin ọba ni èyí tó tóbi jù lọ máa ń wà, níbi tí wọ́n ti ń ná ọjà ọba, tí igi odán ti ń ṣíji bo àwọn àgbà tó ń ta ayò, tí àwọn ọmọdé sì ti ń ṣeré òṣùpá. Agbo ilé kọ̀ọ̀kan tún ní gbàgede tirẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọmọ lórúkọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ìyàwó, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣe òkú àgbà. Kò sẹ́ni tó ń sanwó kó tó jókòó lábẹ́ igi odán, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó ń tọrọ àyè kí ọmọ rẹ̀ tó sáré ní ojúde. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ omi rí. Ìlú ló ni odò ìlú. Ẹni tó bá sì gbẹ́ kànga sí agbo ilé rẹ̀ kò jẹ́ fi omi du aládùúgbò tó bá gbé korobá dé ẹnu ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni kò kọ òfin yìí sílẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n.

Èkó yàtọ̀ díẹ̀. Erékùṣù ni, omi ló yí i ká, àyè ibẹ̀ kò sì lè fẹ̀ bí àyè àwọn ìlú òkè. Láti ọdún 1861, nígbà tí Ọba Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ni àwọn ènìyàn ti ń rọ́ wá: àwọn Sàró láti Freetown, àwọn Àgùdà láti Brazil àti Cuba, àwọn tí ogun lé kúrò ní òkè, àwọn oníṣòwò, àwọn akọ̀wé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ilẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé rà á àti tà á, ojúde sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù lábẹ́ ilé alájà. Ọ̀rọ̀ ibi tí ọmọ Èkó tí kò ní ilé ńlá yóò ti rí àyè sinmi, tí yóò ti ṣe ìpàdé, tí ọmọ rẹ̀ yóò ti ṣeré láìsí ewu, wá di ohun tí àwọn ọlọ́lá ìlú ní láti ronú sí. Nínú àwọn tó ronú sí i, tó sì fi owó ara rẹ̀ ṣe é, ni Dókítà John Randle wà.

Ọmọ Sàró ni Randle. Wọ́n bí i ní ọdún 1855 ní Regent, ìletò kan ní orí òkè lẹ́bàá Freetown, níbi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti tẹ àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú dó. Ọmọ ilẹ̀ Yorùbá ni Thomas Randle, bàbá rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ lójú òkun. Irú ìtàn báyìí kò ṣọ̀wọ́n láàrin àwọn Sàró. Bàbá jẹ́ ẹni tí wọ́n ti so ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ rí, ọmọ sì di ẹni tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ Látìnì ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ilé ẹ̀kọ́ girama ti ìjọ C.M.S. ní Freetown ni John lọ. Lẹ́yìn náà ni ó kọ́ iṣẹ́ apòògùn ní ilé ìwòsàn ìjọba, ó sì lọ ṣe iṣẹ́ náà ní Gold Coast, ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ì bá ti dúró síbẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba ni, owó oṣù ń wọlé, ẹni tó ń po oògùn fún Òyìnbó sì ń gba ọ̀wọ̀ lójú àwọn ènìyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Randle tọ́jú owó, nígbà tó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó wọkọ̀ lọ sí Scotland, ó jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọdé tí kò tó ojúgbà rẹ̀ ní Yunifásítì Edinburgh. Ní ọdún 1888 ó gba oyè oníṣègùn. Ilé ẹ̀kọ́ yìí kan náà ni Dókítà Obadiah Johnson lọ, àbúrò Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tó parí ìwé ìtàn Yorùbá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ sílẹ̀, ìwé náà sì jáde ní ọdún 1921. Àwọn méjèèjì wà lára àwọn oníṣègùn adúláwọ̀ díẹ̀ tí ìjọba Èkó gbà sí iṣẹ́ nígbà náà.

Ilé ìwòsàn ìjọba ní Èkó ni Randle ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò pẹ́ tí ó fi rí i pé bí ìwé ẹ̀rí bá tilẹ̀ dọ́gba, owó kò dọ́gba, àṣẹ kò sì dọ́gba. Owó tí wọ́n ń san fún oníṣègùn funfun pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń san fún dúdú lọ, bí iṣẹ́ wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Kì í ṣe ẹni tó ń gbé ìyà mì ní ìdákẹ́jẹ́. Ó bá àwọn ọ̀gá rẹ̀ jà, wọ́n bá a jà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1890 sì ni òun àti iṣẹ́ ìjọba pínyà. Àwọn tó rò pé ẹ̀ṣẹ̀ oríkunkun rẹ̀ ni yóò ti yí èrò padà ní ọdún 1902, nígbà tí ìjọba dá ẹgbẹ́ oníṣègùn kan sílẹ̀ fún gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n sì fi òfin dí ọ̀nà rẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni tí kò bá jẹ́ ìran Òyìnbó. Ohun tí Randle ń jà fún kì í ṣe ọ̀ràn ara rẹ̀ nìkan.

Kí ó tó kúrò ní iṣẹ́ ìjọba ni ó ti gbéyàwó, ìyàwó tó gbé yìí kò sì jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ parẹ́ nínú ìtàn Ìlú Ọba pàápàá. Ní ọdún 1890 ni ó fẹ́ Victoria Davies ní Èkó. Bàbá ọmọbìnrin náà ni Captain James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò àti ọlọ́kọ̀ ojú omi, ẹni tí ó fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n dá C.M.S. Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859. Ìyá rẹ̀ ni Sarah Forbes Bonetta, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Àìná. Ọmọ Òkè-Odàn ni Àìná. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kó ìlú náà ní ọdún 1848, wọ́n pa àwọn òbí rẹ̀, wọ́n sì kó òun lọ sí Àbọ̀mẹ̀. Ọba Gezo fi í ta ọ̀gá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, Captain Forbes, lọ́rẹ ní ọdún 1850, bí ìgbà tí ènìyàn ń fi àgbò tọrẹ, Forbes sì mú un lọ sọ́dọ̀ Ọbabìnrin Victoria. Ọbabìnrin tọ́ ọ bí ọmọ, nígbà tí Àìná sì bí ọmọbìnrin àkọ́bí rẹ̀ ní ọdún 1863, Ọbabìnrin kan náà ṣe ìyá ìsàmì ọmọ náà, ó sì fún un ní orúkọ ara rẹ̀. Ọmọ yìí ni Randle fẹ́. Ẹ̀bùn wá láti ààfin lọ́jọ́ ìgbéyàwó, gbogbo Èkó sì gbọ́.

Ọmọ méjì ni wọ́n bí. Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó náà kò tọ́jọ́ bí ìlú ti rò. Tọkọtaya náà pínyà, Victoria sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Òun ló fún Samuel Coleridge-Taylor, olórin dúdú tó gbajúmọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní orin Yorùbá kan tí ó lò nínú ìwé orin tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1905. Ọdún 1920 ni Victoria kú.

Lẹ́yìn tí Randle kúrò lábẹ́ ìjọba, ó dá ilé ìwòsàn tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì là. Olówó ń wá a, tálákà náà ń wá a. Ó ra ilẹ̀, ó kọ́lé, kò sì pẹ́ tí ó fi di ọ̀kan nínú àwọn tí ìjọba kò lè ṣe ohunkóhun ní Èkó láìgbọ́ ohùn wọn.

Ọ̀rọ̀ omi ló gbé orúkọ rẹ̀ sókè, ọ̀rọ̀ omi náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́.

Ní àkókò Gómìnà Walter Egerton ni ìjọba pinnu láti fa omi ẹ̀rọ láti Ìjù wọ Èkó. Ní ìrísí, ohun rere ni: omi tó mọ́, tí kò ní kòkòrò, tí yóò gba inú páìpù dé ojú pópó. Ṣùgbọ́n ìjọba fẹ́ kí àwọn onílé máa san owó omi lọ́dọọdún láti dá iye tí wọ́n ná padà. Èyí ni kò wọ àwọn ará Èkó létí. Àwọn ìjòyè onífìlà funfun béèrè ohun tó dé tí omi, tí Ọlọ́run rọ̀ láti òkè, tí kànga sì kún fún un ní gbogbo agbo ilé, yóò fi di ohun tí ènìyàn ń san owó orí lé. Àwọn ọ̀mọ̀wé fi èrò mìíràn kún un: pé nítorí àwọn Òyìnbó tí ẹ̀rù omi kànga ń bà ni wọ́n ṣe ń fa omi náà, kò sì tọ́ kí tálákà Ìsàlẹ̀ Èkó máa sanwó omi tí kò béèrè.

Ní ọdún 1908 ni Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní People's Union, ẹgbẹ́ àwọn ará ìlú. Ẹgbẹ́ náà gbógun ti owó omi, ó sì gbógun ti ọ̀nà tí ìjọba ń gbà gba ilẹ̀ onílẹ̀. Ohun ìyanu ni ó jẹ́ nígbà náà láti rí oníṣègùn tó wọ kóòtù dúdú àti fìlà gígùn, tí ó jókòó sí àárín àwọn ìjòyè tó wọ agbádá, tí wọ́n jọ ń gbèrò ohun kan ṣoṣo. Wọ́n ṣe ìpàdé, wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀. Fún ọdún bíi mélòó kan, bí wọ́n bá dárúkọ Randle ní Ìsàlẹ̀ Èkó, bí ẹni ń dárúkọ alágbàwí ni.

Ìjọba kò dáwọ́ dúró. Iṣẹ́ ń lọ ní Ìjù, páìpù ń wọ ilẹ̀, nígbà tó sì di ọdún 1915 omi ti ṣe tán láti ṣàn. Ní ọdún 1916 ni owó omi dé ojú ilé. Àwọn obìnrin ti ọjà pa, ìlú gbóná. Ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń retí kí Randle àti Obasa dúró níwájú ni wọ́n ti fà sẹ́yìn. Wọ́n rí i pé ìjọba kò ní yí padà, wọ́n sì gbà pé kí ìlú san owó náà ní ìrọ̀rùn sàn ju kí wọ́n máa kó ènìyàn lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ó lè jẹ́ pé òótọ́ ni wọ́n rí. Omi Ìjù gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ọmọdé là lọ́wọ́ àrùn inú, oníṣègùn sì ni Randle, kò lè ṣàì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó kó ènìyàn jọ sójú ogun kò lè fi wọ́n sílẹ̀ láàrin ọ̀nà kí wọ́n sì tún máa kí i. Àwọn ará ìlú sọ pé ó ti ta wọ́n. Ẹgbẹ́ People's Union fọ́ sọ́wọ́, àwọn mẹ̀kúnnù sì yí ojú wọn sí ọ̀dọ̀ Herbert Macaulay.

Randle kò bọ́ lọ́wọ́ àbùkù náà mọ́. Nígbà tí òfin tuntun ti Gómìnà Clifford fún Èkó ní àyè láti dìbò yan ènìyàn mẹ́ta sí ìgbìmọ̀ aṣòfin, Macaulay àti àwọn ènìyàn rẹ̀ dá ẹgbẹ́ òṣèlú N.N.D.P. sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 1923. Wọ́n jí People's Union dìde padà láti bá wọn díje. Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni ìbò wáyé. Àwọn ọkùnrin tí owó ọdún wọn pé £100 nìkan ló lè dìbò, ṣùgbọ́n láàrin wọn pàápàá, ẹgbẹ́ Macaulay ló kó àyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Randle ti tó ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìtàn rẹ̀ parí sí ni, orúkọ rẹ̀ ì bá wà nínú ìwé ìtàn gẹ́gẹ́ bí òṣèlú tí ìlú kọ̀ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó ṣì ní owó, ó sì ní ohun kan lọ́kàn.

Àwọn àgbà Èkó mọ̀ pé ọmọ apẹja kì í kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ní ilé ìwé. Láti ìgbà tí ó bá ti lè rìn ni bàbá rẹ̀ yóò ti jù ú sínú ọ̀sà, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi máa wẹ̀ bí ẹja. Ṣùgbọ́n nígbà tí Èkó ń kún fún àwọn ọmọ akọ̀wé, ọmọ kápíńtà àti ọmọ oníṣòwò tó ti òkè wá, ọ̀pọ̀ ọmọ ló wà ní etí omi tí kò mọ odò wẹ̀. Oòrùn a mú, ọ̀sà a sì máa dán gbinrin níwájú wọn. Wọ́n a bọ́ aṣọ, wọ́n a bẹ́ sómi. Omi ọ̀sà náà kì í ṣe omi eré: bí ìgbì bá ń padà sí òkun, ó ń fa nǹkan lọ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ń jìn lójijì. Bí ọmọ bá rì, ìyá rẹ̀ a máa sunkún ní etí ọ̀sà títí tí àwọn apẹja yóò fi bá a gbé òkú rẹ̀ jáde. Oníṣègùn ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàì rí òkú ọmọdé tí omi gbé.

Ní apá kejì ìlú, ọ̀ràn yàtọ̀. Láti àkókò Gómìnà MacGregor, ẹni tó kúrò ní Èkó ní ọdún 1904, ni ìjọba ti gbẹ́ ipa omi kan tó ya erékùṣù Èkó kúrò lára Ìkòyí. Wọ́n gbẹ́ ẹ láti fa omi ẹrẹ̀ kúrò kí ẹ̀fọn lè dínkù, ṣùgbọ́n nígbà tó yá ó di ààlà láàrin ayé méjì. Ní òdì kejì rẹ̀ ni wọ́n ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn Òyìnbó lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, pẹ̀lú ọgbà àti koríko gígé, ibi tí adúláwọ̀ kì í gbé bí kò ṣe pé ó jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀. Ní òdì kìíní, ní erékùṣù, ilé fi ẹ̀gbẹ́ kan ara wọn débi pé nígbà tí àrùn eku dé ní ọdún 1924, kò rí ibi tí yóò ti dúró. Ọdún mẹ́fà ni àrùn náà fi ń pa ènìyàn. Nítorí rẹ̀ ni ìjọba fi dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní ọdún 1928, Lagos Executive Development Board, láti wó àwọn ilé tó há mọ́ra kí afẹ́fẹ́ lè wọ àdúgbò.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ ní Èkó títí di òní ni pé Randle kọ́kọ́ lọ bá ìjọba, ó ní kí wọ́n ṣe adágún kan tí àwọn ọmọ ìlú yóò ti máa kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ láìséwu, ìjọba sì kọ̀. Kò tún padà lọ bẹ̀ wọ́n. Ó gbé owó ara rẹ̀ kalẹ̀, ó sì gbẹ́ adágún náà ní Oníkàn.

Ibi tó yàn yẹ fún àkíyèsí. Oníkàn wà ní ìpẹ̀kun erékùṣù, lẹ́bàá ọ̀sà, kò sì jìnnà sí ipa omi tí MacGregor gbẹ́. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ ń wo ìhà tí àwọn Òyìnbó ń gbé. Kì í ṣe inú ọgbà ilé Randle ni adágún náà wà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti àwọn ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń mu tíì ní ọ̀sán. Ó fi odi yí i ká, ó fi símẹ́ńtì ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ọmọ tó bá fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ mọ ibi tí ó wà. Ọgbà ìtura kan tí wọ́n ń pè ní Love Garden wà ní àdúgbò náà, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń gba atẹ́gùn ní ìrọ̀lẹ́. Báyìí ni apá erékùṣù yẹn di ojúde fún ìlú tí ojúde ti wọ́n.

Ọdún 1928 ni adágún náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọdún yìí kan náà ni Randle sì kú, lẹ́ni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Ó ti kọ ìwé ìhágún sílẹ̀. Ó fi owó sílẹ̀ fún ìtọ́jú adágún, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tó kọ́ nǹkan tí kò fi owó àtúnṣe lé e, àwókù ló kọ́. Ó tún fi owó ránṣẹ́ sí Fourah Bay College ní Freetown fún ẹ̀kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Kò gbàgbé ìlú tó bí i.

Ìran mẹ́ta tàbí mẹ́rin ọmọ Èkó ló kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Àwọn tó ti di bàbá àgbà lónìí ni ọmọ ilé ìwé nígbà tí wọ́n ń tò síwájú ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Àdúgbò náà sì ń gbòòrò. Ní ọdún 1957 ni wọ́n ṣí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti Nàìjíríà sí Oníkàn. Pápá eré ìdárayá wà nítòsí. Gbọ̀ngàn J.K. Randle náà dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún, kò sì sí ìdílé Èkó kan tó gbajúmọ̀ tí kò ṣe ìgbéyàwó tàbí àríyá níbẹ̀ rí. Ní òdì kejì ojú ọ̀nà ni pápá ìsáré ẹṣin wà, níbi tí wọ́n ti ta àsíá òmìnira sókè ní òru ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960, èyí tí wọ́n sọ di Tafawa Balewa Square ní ọdún 1972. Bí ènìyàn bá rìn yí ibẹ̀ ká ní wákàtí kan, yóò ti kọjá lára ìdajì ìtàn orílẹ̀-èdè yìí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kò dùn ún sọ. Olú-ìlú kúrò ní Èkó lọ sí Àbújá ní ọdún 1991, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan ló fa ìbàjẹ́. Owó tí ènìyàn kan fi sílẹ̀ ní ọdún 1928 kò lè tún símẹ́ńtì ṣe títí ayé, àwọn tó wá gba àkóso kò sì fi tiwọn kún un bó ti yẹ. Omi gbẹ, koríko hù, ògiri sán. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ tó ń kọjá kò mọ̀ pé ìlúwẹ̀ẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe níbẹ̀ rí, bí wọ́n tilẹ̀ ń dárúkọ Randle nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ló padà gbé ọwọ́ lé ibẹ̀ ní àwọn ọdún 2010. Wọ́n wó gbọ̀ngàn àtijọ́ náà, àwọn kan sì bínú sí i, nítorí inú rẹ̀ ni wọ́n ti gbéyàwó. Ní ipò rẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé ńlá kan tí òrùlé rẹ̀ dagun bí ilẹ̀ òkè tí koríko bò, tí ògiri rẹ̀ sì ní àwọ̀ amọ̀ bí ilé àwọn bàbá ńlá wa. Ayàwòrán-ilé Seun Oduwole ló ya ilé náà. Wọ́n sọ ọ́ ní John Randle Centre for Yoruba Culture and History, Ààrẹ Muhammadu Buhari sì wá ṣí i ní oṣù kìíní ọdún 2023. Inú rẹ̀ ni wọ́n kó àwọn ohun àṣà Yorùbá sí, pẹ̀lú ìtàn òrìṣà, ọba, ọjà, orin àti eré.

Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ tó ń kó ọmọ lọ wo ilé náà má ṣe dúró sínú rẹ̀ nìkan. Ọmọ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú ni bàbá ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé yìí. Ọmọ tí wọ́n fi ta Òyìnbó lọ́rẹ ni ìyá ìyàwó rẹ̀. Ọ̀nà Freetown ni Yorùbá fi padà sí ọwọ́ ìdílé náà. Bí wọ́n bá jáde láti inú ilé, kí wọ́n yà sí ẹ̀gbẹ́. Wọ́n ti tún adágún náà ṣe pẹ̀lú, omi sì ti padà sínú rẹ̀.